Kẹ́mísìrì Tí Màámi Kọ́ ní Ìfọ́n

Leeds, England
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 1996

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ìlú tí òtútù ti ń wọ egungun ènìyàn lọ. Ẹ kú iṣẹ́ tíṣà, ẹ kú ìrìn Ìlobù sí Ìfọ́n ojoojúmọ́, ẹ sì kú àfojúsọ́nà wa. Ara ń le bí?

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Fisáyọ̀ ìyàwó mi ti lóyún. Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ní yóò bí. Màámi, ẹ mọ̀ pé ìyá tiẹ̀ ti kú. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò wẹ ọmọ, tí yóò sì fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ, bí kò ṣe ẹ̀yin. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kò fẹ́ kí oyún dá ẹ̀kọ́ òun dúró. Èmi sì rèé, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, ojú oorun ni mo fi ń rìn kiri.

Mo fi ìwé ìpè sínú lẹ́tà yìí. Ẹ mú un lọ sí Èkó fún físà. Ẹ jẹ́ kí oṣù kìíní bá yín níbí. N kò tíì bẹ̀ yín ní ohunkóhun láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Èyí ni mo bẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Dúró


Ìlobù
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, 1996

Àkànó ọmọ mi,

Olúwa tó mú ọ la òkun já yóò mú ìyàwó mi la ọjọ́ ìkúnlẹ̀ já. Orí ìdúró ni mo ti ka lẹ́tà rẹ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì kúnlẹ̀ sí. Akọ̀wé ibẹ̀ rò pé òkú ló kú. Mo ní rárá, mo ti fẹ́ di ìyá àgbà ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní lè wá ní oṣù kìíní. Ní sùúrù, kà á dé ìsàlẹ̀.

Tíṣà kẹ́mísìrì wa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó. Wọn kò tíì rán ẹlòmíràn wá. Àwọn ọmọ kíláàsì tó gbẹ̀yìn yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà. O mọ̀ pé bàyọ́lọ́jì ni èmi ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, mò ń ṣàlàyé bí gbòǹgbò ṣe ń fa omi, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Toyibat dìde. Ó ní, "Mà, omi fúnra rẹ̀, kí ló jẹ́? Ìwé pè é ní H àti O. Ta ló so wọ́n pọ̀, kí ló dé tí wọn kò fi ara wọn sílẹ̀?"

Mo ní kó jókòó. Nígbà tí mo délé, mo tú ìwé mi àtijọ́ jáde. Ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tiwa nígbà náà, orúkọ egungun àti orúkọ ewé la kọ́ sórí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí a fi ewé ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ pé ara ń da oúnjẹ, tí n kò mọ ohun tó ń dà?

Bàbá Toyibat ni Àlhájì Láyíwọlá tó ń ta símẹ́ńtì ní Ìfọ́n, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Gánà dé ní 1969. Wọ́n ti sọ fún ọmọ náà pé bí kò bá yege, ṣọ́ọ̀bù ló kàn. Ọmọ náà kò sì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé èmi yóò kọ́ wọn ní ìpìlẹ̀ kẹ́mísìrì tí bàyọ́lọ́jì kò lè ṣe láìní. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Mo ní mo bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ìwọ tó gboyè nínú rẹ̀, kọ ọ́ sí mi ní Yorùbá, bí ìgbà tí o bá jókòó tì mí ní ìdí ààrò. Kí ni átọ́ọ̀mù? Kí ló ń so wọ́n pọ̀? Kí ni ásíìdì? Bí ìdánwò bá parí, ẹsẹ̀ kan ni mo máa fi dé ọ̀dọ̀ yín.

Bá mi kí ìyàwó mi. Sọ fún un pé kó má bínú sí mi.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá, 1996

Màámi,

Mo kí yín. Mo ka lẹ́tà yín, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Fisáyọ̀ bi mí pé ìgbà wo ni ẹ ń bọ̀. Mo ní ẹ kò tíì dá ọjọ́. N kò lè sọ òdodo fún un.

Màámi, ọmọ Ìlobù ni yín. Ṣé nítorí àwọn ọmọ Ìfọ́n ni ẹ ó ṣe fi ọmọ ọmọ yín sílẹ̀? Nígbà tí ìjà ilẹ̀ Ìlobù àti Ìfọ́n gbóná, ta nínú wọn ló wá bi yín bóyá ẹ rí oorun sùn? Ìjọba tí kò rán tíṣà wá, ẹ jẹ́ kó wá nǹkan ṣe sí i.

Kẹ́mísìrì tí ẹ ń wí, mo ti pa á tì. Bísíkíìtì ni mò ń kó sínú páálí níbí. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ìwé ẹ̀rí mi rí.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ni yín. Ohun tí mo rántí rèé.

Gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn, átọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ó kéré dé ibi tí ojú kò lè tó o. Púrótọ́ọ̀nù wà láàárín rẹ̀, àmì àròpọ̀ ni tiwọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí wọn ká, àmì àyọkúrò ni tiwọn. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, átọ́ọ̀mù náà kò ní àmì kankan.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n fi ń so pọ̀. Nínú iyọ̀, sódíọ́mù fún kìlórìn ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó fún ni di àròpọ̀, ẹni tó gbà di àyọkúrò, wọ́n wá ń fa ara wọn mọ́ra. Nínú omi, kò sẹ́ni tó fún ẹnìkan, àjọní ni: ọ́síjìn kan àti háídírójìn méjì jọ ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, bí aládùúgbò ṣe ń jọ lo odó. Kábọ́ọ̀nù ní ọwọ́ mẹ́rin tó fi ń di ẹlòmíràn mú, ìdí nìyẹn tí ó fi wà nínú iṣu, nínú epo, nínú ẹran, nínú ènìyàn.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ lọ síṣẹ́.

Dúró


Ìlobù
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní, 1997

Àkànó,

Ẹ kú ọdún, ìwọ àti ìyàwó mi. Ọdún á yabo.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ìkanra tó wà nínú rẹ̀, mo fi ọwọ́ ìyá gbà á. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí kan. Ọmọ tó jókòó níwájú mi tòun ti bírò lọ́wọ́ kò bá Ìlobù du ilẹ̀. Láàárọ̀, tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn ni wọ́n ń sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ mi. N kò ní kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ mọ́, ìwọ náà má kọ ọ́ sí mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ odó yẹn dùn mọ́ wọn. Wọ́n ti mọ̀ pé omi kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Èyí tí o sọ nípa kábọ́ọ̀nù, mo fi èémí ṣàlàyé rẹ̀: ó ń ti imú wa jáde, ewé iṣu ń gbà á, ó ń di iṣu, a tún ń jẹ ẹ́. Ọmọ kan ní, "Mà, a jẹ́ pé lára wa ni iṣu ti wá." Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n o ṣe àṣìṣe ńlá kan. O kọ ọ́ pé ẹni tó fún ni di àròpọ̀, ẹni tó gbà di àyọkúrò. Àkànó, ta ló fún ni ní nǹkan tí tirẹ̀ kò dín? Iṣẹ́ òru ti ń kó ọ ní ọpọlọ lọ. Mo ti bá ọ tún un ṣe lójú pátákó. Toyibat ní òun rí i bí o ṣe kọ ọ́ nínú ìwé àtijọ́ kan. Mo ní ìwé náà lè ṣàṣìṣe. Ó jókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jókòó.

Mo rán òrí àti ọṣẹ dúdú sí yín lọ́wọ́ ọmọ ìjọ wa kan tó ń bọ̀ ní London. Kí ìyàwó mi máa fi òrí ra ikùn.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1997

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Fisáyọ̀ ti bí o. Obìnrin ni. Ogúnjọ́ oṣù kejì ló bí i, lẹ́yìn ìrora tó gùn. Ìyá kan tó wá láti Jamaica, tí ilé wa fi ara kan tirẹ̀, ló wẹ ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n délé. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń da omi sí ọmọ lára, Fisáyọ̀ kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Mo ní kí n má fi ìyẹn pamọ́ fún yín. A kò tíì sọ ọ́ lórúkọ Yorùbá. Ẹ̀yin ni a ń dúró dè.

Mo ti pinnu pé n kò ní fèsì sí lẹ́tà yín. Fisáyọ̀ ló fà mí sẹ́yìn. Ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ń ka lẹ́tà yín, nígbà tó dé ibi tí ẹ ní iṣẹ́ òru ń kó mi lọ́pọlọ lọ, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tó ti bímọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà rò ó bí màámi ṣe rò ó. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, kò yé mi, ojú sì ń tì mí láti bi ọ́. Ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi àti wọn."

Mo bu àgbàdo àti ẹ̀wà sínú tíréè. Ẹ ṣe é lójú àwọn ọmọ bí mo ṣe ṣe é. Sódíọ́mù ní púrótọ́ọ̀nù mọ́kànlá: ẹ to àgbàdo mọ́kànlá. Ó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́kànlá: ẹ fi ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan ti àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù ní ẹnìkejì, kò sí àmì. Ó wá fún kìlórìn ní ẹ̀wà kan. Ẹ mú ẹ̀wà kan kúrò. Kí ló kù tí kò ní ẹnìkejì? Àgbàdo kan. Àgbàdo sì rèé, àròpọ̀ ni. Ohun tó fún ni dín lóòótọ́, Màámi, ṣùgbọ́n ohun tó dín náà, àyọkúrò ni. Ẹ̀yin kò ṣìnà nípa ìwà ènìyàn. Átọ́ọ̀mù ni kò mọ ìwà wa.

Ọ̀rọ̀ omi kò tíì tán. Odó tí wọ́n jọ ń lò, wọn kò lò ó dọ́gba. Ó dà bí ẹni méjì tó da aṣọ kan bora, tí ọ̀kan ń fa aṣọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ọ́síjìn ni ó ń fà. Nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àyọkúrò díẹ̀, ọ̀dọ̀ háídírójìn ní àròpọ̀ díẹ̀, omi kan sì ń fa omi kejì mọ́ra. Bí omi ṣe ń di ara rẹ̀ mú nìyẹn tó fi ń ti gbòǹgbò gun igi dé ewé. Ẹ dá Toyibat lóhùn pẹ̀lú ìyẹn.

Ti ásíìdì: ẹ bọ ìṣápá pupa, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ẹ pín omi rẹ̀ sí ife. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, yóò pọ́n sí i, ásíìdì nìyẹn. Ẹ da omi eérú sí èkejì, pupa náà yóò lọ, yóò di aláwọ̀ ewé, álíkálì nìyẹn. Inú ikùn wa ní ásíìdì, ẹ̀jẹ̀ wa sì fì sí ìhà álíkálì díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yà kúrò níbẹ̀ jìnnà, ènìyàn á kú.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó rí i pé mo ti pẹ́ níbi tíréè.

Ọmọ yín,
Dúró

Ẹ kú ewu ọmọ, Màámi. Èmi Fisáyọ̀ ni mo kúnlẹ̀ níbí. Mo bínú sí yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ka gbogbo lẹ́tà yín báyìí, mo sì rí i pé obìnrin tó lè máa kọ́ ohun tuntun ní ọjọ́ orí yín nítorí ọmọ ọlọ́mọ, inú mi dùn pé òun ni ìyá àgbà ọmọ mi. Ẹ parí iṣẹ́ yín. A ó dúró.


Ìlobù
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, 1997

Àkànó àti Fisáyọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ewu, ẹ kú ewu. Ọmọ́bọ́láńlé ni kó máa jẹ́. Mo pe orúkọ náà sínú ilé yìí ní ohùn rara, mo sì sọ ọ́ sí bàbá yín tó ti lọ létí. Omi tí ẹlòmíràn fi wẹ̀ ẹ́, ojú ń ro mí sí i. N kò ní parọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ará Jamaica yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ogun ọmọ.

Mo ṣe àgbàdo àti ẹ̀wà lórí tábìlì mi nílé kí n tó lọ. Mo ṣe é, mo tún un ṣe, mo bú sẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní, "Ohun tí mo kọ́ yín lóṣù kìíní kò rí bẹ́ẹ̀. Toyibat sọ òótọ́, mo ní kó jókòó. Toyibat, dìde, wá to àgbàdo yìí fún wa." Ó wá. Nígbà tó máa fi mú ẹ̀wà kan kúrò, ohùn rẹ̀ ti gba gbogbo yàrá. Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde dúró láti wò ó.

Gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ tí a ń ṣe ìṣápá ni Àlhájì Láyíwọlá dé. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn kún fún símẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tó ń bá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ti lọ, àwọn wá mú Toyibat.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Àlhájì, ìdánwò kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé láti Ìlobù lẹ ti wá sọ fún mi bí n ó ṣe lo ọmọ mi?"

Mo ní, "Rárá o, sà. Ọmọ yín ni. Ẹ kàn jókòó díẹ̀, kí ẹ wo ohun tó ń ṣe, kí ẹ tó mú un lọ."

Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò jókòó. Toyibat kò wo ojú mi. Ó jáde lọ sídìí ọkọ̀, ó fi bébà bu ẹ̀kúnwọ́ símẹ́ńtì tó dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó pò ó mọ́ omi, ó jẹ́ kó tòrò, ó wá rọra da èyí tó mọ́ lójú rẹ̀ sínú omi ìṣápá. Pupa náà lọ. Ó di aláwọ̀ ewé. N kò kọ́ ọ ní èyí, Àkànó. Kò sí nínú lẹ́tà rẹ.

Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwọn bíríkìlà tó máa ń wá sọ́dọ̀ yín, tí awọ ọwọ́ wọn ń bó, kì í ṣe pé símẹ́ńtì gbóná. Álíkálì ló wà nínú rẹ̀, ó ń jẹ awọ. Bí wọ́n bá tètè fi omi púpọ̀ ṣan án, tí wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́, kò ní bó."

Àlhájì wo ife náà. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní, "Láti Kùmásí ni mo ti ń ta nǹkan yìí." Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ, ọmọ náà sì wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ìyá yín


Leeds
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, 1997

Màámi mi,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Bọ́láńlé ń kí yín, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

Mo ka ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì yẹn fún Fisáyọ̀, ó ní kí n tún un kà. Ó mú un lọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Màríámọ̀, ọmọ Nàìjíríà kan láàárín wọn, wá síbí ní Sátidé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní kí n ṣàlàyé ásíìdì inú ikùn fún òun. Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n di mẹ́ta. Wọ́n ń jókòó sílẹ̀ nítorí àga kò tó, mo sì ń gbàgbé pé mo ní láti sùn.

Màámi, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí yín ní oṣù kejìlá nípa Ìlobù àti Ìfọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Ilé tí mo ti kúrò ni mo fi ń wo yín, kì í ṣe ilé tí ẹ ń gbé. Ìgboyà tí ẹ fi dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn, tí ẹ ní ohun tí ẹ kọ́ wọn kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní yunifásítì, n kò rí i kí ó ṣe irú rẹ̀ rí.

Ìdánwò wọn ti bẹ̀rẹ̀. À ń gbàdúrà. Ẹ lọ gba físà.

Dúró


Ìlobù
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, 1997

Àkànó,

Físà ti bọ́ sí i. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ṣeé ṣe kí n ti máa wẹ Bọ́láńlé nígbà tí lẹ́tà yìí yóò dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, má bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Gbà á, wọ yàrá rẹ, kà á. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu ìyá kì í lè sọ tí ọmọ bá ń wò ó lójú.

Èsì ìdánwò ti jáde. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yege, ó dùn mí fún àwọn tí kò yege. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gba kírẹ́díìtì ní bàyọ́lọ́jì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Toyibat ló ṣe dáadáa jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo ń di ẹrù, mo gbọ́ ọkọ̀ níta. Àlhájì Láyíwọlá ni, nínú ọgbà wa, ní Ìlobù. Àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ní, "Tíṣà, láti ìgbà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, n kò tẹ ìlú yìí mọ́. Lónìí, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá." Mo gbé àga fún wọn. Wọ́n ní Toyibat fẹ́ ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì, àwọn sì ti ní kó lọ. Wọ́n ní ìbọ̀wọ́ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, kò sí bíríkìlà tó máa ra símẹ́ńtì lọ́dọ̀ àwọn tí wọn kò ní fún ní ìkan. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi."

Mo ní, "Èmi kọ́, sà. Ọmọ mi ló ń kọ́ mi. Ó wà lókè òkun, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ló ti ń ṣiṣẹ́ lóru, ó ń kọ ọ́ sí mi láàárọ̀."

Wọ́n béèrè orúkọ rẹ, wọ́n sì fi orúkọ náà ṣe àdúà, wọ́n tẹ́wọ́ méjèèjì, wọ́n fi pa ojú. Nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní bàbá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ń kí i."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ. Èmi náà fẹ́ kí ọ lórúkọ ara mi. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ, àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni mo máa ń kí báyìí, n kò sì rò pé mo máa kí ọmọ inú mi bẹ́ẹ̀ láyé.

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà.

Ìyá rẹ,
Rachael